Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin Alága àti MD tí wọ́n kọ̀ láti gba ìwé L-1A kọ́ńpìnnì yín: ẹ̀yin lẹ l'ẹjọ́, mánẹ́jà yín kọ́

Ẹ̀yin Alága, ẹ̀yin MD, ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ní kọ́ńpìnnì l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ọ́tà, tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ yín wá s'Ámẹ́ríkà kó wá bá yín ṣí bráǹṣì lórí L-1A, ìwé àṣẹ tí Amẹ́ríkà fi ń gba ọ̀gá òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì wọlé, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà náírà àti dọ́là.

Mi ò kí ń ṣe lọ́yà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Lọ́yà ni mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Houston níbí, èmi ni mò ń to fáìlì, gbogbo páálí tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ èmi ni mò ń kọ́kọ́ kà á kí ọ̀gá mi tó rí i, ìwé CAC o, státíméǹtì báńkì o, fọ́tò ilé ẹrù o, títí dórí lẹ́tà tí akọ̀wé yín sáré tẹ̀ lóru. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ síta báyìí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń tún sọ lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́, tí mo bá ti bá ọ̀kan sọ ọ́ tán, òmíràn á tún pè. Bó ṣe máa ń rí nìyí: USCIS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwé àwọn tó ń wọ̀lú, kọ̀ láti gba ìwé L-1A, lẹ́tà dé, ọ̀gá kà á, tàbí ká ní ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó wá pe mánẹ́jà ẹ̀ wọ ọ́fíìsì, ó ní "Àbúrò, wọ́n ti báńsì ẹ o, ṣé o mọ ẹnì kankan? Lọ wá nǹkan ṣe sí i." Ó parí. Ọ̀gá ti padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀, mánẹ́jà ló kù tó ń wá pásítọ̀ àti àgẹ́ǹtì kiri.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni wọ́n báńsì gan-an?

Ẹ gbé fọ́ọ̀mù I-129 yẹn, èyí tẹ́ ẹ fi tọrọ L-1A, ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́. Orúkọ ta ló wà níbi ẹni tó ń tọrọ? Orúkọ kọ́ńpìnnì ni. Ẹ ṣí i dé ibi tí wọ́n ti sáìnì, ta ló sáìnì? Ẹ̀yin tàbí ẹni tẹ́ ẹ yàn. Mánẹ́jà yín ò tíì tọrọ nǹkankan lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà níbi tọ́rọ̀ dé yìí, ẹ̀yin lẹ tọrọ, ẹ̀yin lẹ ní ẹ nílò ẹ̀, òun kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n ń jíròrò lé lórí. Torí náà ni òfin wọn ò ṣe fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Tó bá fi owó ara ẹ̀ gba lọ́yà, tó sáìnì fọ́ọ̀mù I-290B, èyí tí wọ́n fi ń pe ẹjọ́ náà, lórúkọ ara ẹ̀, wọ́n á dá a padà ni, wọn ò tiẹ̀ ní wo ohun tó kọ. Kọ́ńpìnnì nìkan ló lè ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ní kó lọ wá nǹkan ṣe sí i, ẹ rán an ní iṣẹ́ tí ò lè jẹ́.

Àti pé ago ti ń lọ o. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fún yín láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà náà, 33 tó bá jẹ́ pé póòsì ni wọ́n fi fi ránṣẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ padà dé láti Dubai. Wọn ò sì bìkítà nípa ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ọjọ́ tó dé ọwọ́ wọn ni wọ́n ń kà. Ẹ wá ronú ẹ̀: lẹ́tà ọ̀hún máa lọ sí àdírẹ́sì bráǹṣì níbí tàbí ọ́fíìsì lọ́yà, wọ́n á skáànì ẹ̀, wọ́n á fi ímeèlì ránṣẹ́ sí akọ̀wé, akọ̀wé á ní "Alága wà ní mítíǹgì," kí ẹ tó gbọ́, ọ̀sẹ̀ kan ti lọ, ẹ wá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà lé e lórí, ọ̀sẹ̀ mìíràn lọ. Àdúrà dáa, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n $800 tí wọ́n ń gbà lórí I-290B àti sáìnì yín ni wọ́n máa béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀ torí ọ̀pọ̀ nínú yín ń lo L-1A láì mọ ohun tí òfin náà ń wá. Láti 1970 ni L-1 ti wà, L-1A sì ni ti àwọn ọ̀gá nínú ẹ̀. Kọ́ńpìnnì tó ní ilé sí orílẹ̀-èdè méjì fẹ́ gbé ènìyàn ẹ̀ láti ilé kan lọ sí èkejì, ó tán. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti bá yín ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún kan gbáko láàárín ọdún mẹ́ta tó kọjá, ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ tan mọ́ra, kí ọ̀kan ní èkejì tàbí kí ẹnì kan náà ní méjèèjì, tó bá sì jẹ́ bráǹṣì tuntun lẹ fẹ́ ṣí, iṣẹ́ ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ ti máa ṣe nílé tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọ̀gá ló sì gbọ́dọ̀ wá ṣe níbí. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gba ibi tẹ́ ẹ máa lò, kì í ṣe àdírẹ́sì palọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Katy lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston níbí. Bráǹṣì tuntun, ọdún kan péré ni wọ́n ń fún un, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ máa padà wá fi hàn wọ́n pé iṣẹ́ ti gbèrú débi tó fi nílò ọ̀gá, àpapọ̀ ẹ̀ ò sì lè ju ọdún 7 lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo kà yìí, èwo ni mánẹ́jà yín lè dá ṣàlàyé? Ta ló ní share, owó wo ló wọ Amẹ́ríkà, èèyàn mélòó ló wà lábẹ́ ẹ̀, ọwọ́ yín ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ ìdí tí wọ́n fi ń kọ̀ ọ́, torí ẹ ò lè pe ẹjọ́ tẹ́ ò mọ̀dí ẹ̀. Nínú àwọn tí mo kà, ibi kan náà ló sábà máa ń dá lé: wọ́n ní ẹ ò fi hàn pé iṣẹ́ ọ̀gá ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò ẹni náà. Ẹ máa ń bínú sí gbólóhùn yìí gan-an. "Báwo ni wọ́n ṣe máa ní Ìyá Àdùkẹ́ kì í ṣe ọ̀gá, ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì ń gbọ̀n fún!" Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ka lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ.

Lẹ́tà kan wà tí mo kà, kọ́ńpìnnì tó ń kó oúnjẹ ilé wọ ìlú yìí, ẹ̀lùbọ́, gààrí, ata gígún, ẹ̀gúsí, irú ẹ̀. Ìyá Àdùkẹ́ tiwọn ni igbákejì ọ̀gá pátápátá nílé, òun ló ń pinnu oko tí wọ́n máa rajà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló ń gba àwọn mánẹ́jà síṣẹ́ tó ń lé wọn, báńkì ò lè yá wọn lówó láìrí sáìnì ẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ̀? "Òṣìṣẹ́ takuntakun, olóòótọ́, ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó ń rí sí i pé ẹrù kúrò ní pọ́ọ̀tì. Ó ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ó ń kó owó lọ sí báńkì. Ó ń kọ invoice." Wọ́n wá pín àkókò ẹ̀: ìdá 40 nínú 100 fún "sales", ìdá 30 fún "logistics", èyí tó kù fún "administration". Ẹni tó ń ka ìwé yẹn níbí ò mọ Ìyá Àdùkẹ́ rárá, kò rí i bó ṣe ń dáṣẹ sílẹ̀ tí gbogbo ilé ẹrù ń dákẹ́. Ìwé ló rí. Ìwé sì sọ pé ó ń tajà, ó ń gbẹ́rù, ó ń kọ rìsíìtì. Tí òun bá ń tajà, ta ni ọ̀gá àwọn tó ń tajà? Ìbéèrè tó béèrè nìyẹn, ẹ ò sì dáhùn.

Láti 1990 ni òfin wọn ti kọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀gá àgbà sílẹ̀, nǹkan mẹ́rin ni: kó máa darí kọ́ńpìnnì tàbí apá pàtàkì kan nínú ẹ̀, kó máa gbé ètò àti ìlànà kalẹ̀, kó láṣẹ gidi láti pinnu nǹkan fúnra ẹ̀, kó má sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ju Alága àti bọ́ọ̀dù lọ. Ẹ wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, obìnrin yẹn ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ̀rí ẹ̀ wà nílé. Ìwé tó fi lé mánẹ́jà ilé ẹrù kan wà, mínìítì mítíǹgì tó ti ní kí wọ́n má rajà lọ́wọ́ oko kan mọ́ wà, lẹ́tà báńkì wà. Kò sẹ́ni tó fi sínú fáìlì. "Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run" ni wọ́n fi síbẹ̀.

Ẹ tún ń ṣe nǹkan mìíràn, ọ̀rọ̀ chart yẹn. Ẹ máa ń ya chart tí gbogbo èèyàn inú ẹ̀ jẹ́ manager. Dírẹ́bà di Transport Manager, ẹni tó ń gbálẹ̀ di Facility Manager, ọmọ tó wá sin ilẹ̀ bàbá wa di Assistant General Manager. Ẹ rò pé bí oyè bá pọ̀ ni wọ́n á gbà. Ẹ wá fi páálí PAYE sẹ́yìn ẹ̀ tí owó oṣù Facility Manager ò tó owó dátà ọmọ mi. Ẹni tó ń kà á á kàn wò ó pé kọ́ńpìnnì yìí, ọ̀gá mẹ́wàá, òṣìṣẹ́ òdo, ta ló ń ṣiṣẹ́ wá? Tí ẹ bá kọ dírẹ́bà sílẹ̀ ní dírẹ́bà, akáńtáǹtì ní akáńtáǹtì, ìyẹn gan-an ló ń fi hàn pé ọ̀gá yín ò ní láti wa mọ́tò tàbí kó ṣírò owó. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń jẹ́rìí ẹni tó wà lókè.

Ẹ ò wá mọ̀ pé òṣìṣẹ́ yín tó wà l'Ékòó ní ìwúlò nínú ẹjọ́ yìí. Lọ́dún 2016, USCIS gba ìpinnu kan tí AAO, ẹ̀ka wọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣe gẹ́gẹ́ bí ìlànà fún gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ wọn, Matter of Z-A- ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnnì kan tí kọ́ńpìnnì tó ni ín wà ní Japan. Èèyàn díẹ̀ ló wà ní Amẹ́ríkà, àwọn tó wà ní Japan ló ń bá ọ̀gá náà ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọ́n sì sọ pé ẹ ò lè pa ojú dé sí àwọn ti Japan yẹn tẹ́ ẹ bá ń wo bóyá ẹni yìí ń darí iṣẹ́ pàtàkì kan tàbí ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé akáńtáǹtì yín ní Ìkẹjà ló ń ṣírò owó bráǹṣì Houston, tó jẹ́ pé ọmọ IT yín ní Yaba ló ń tọ́jú wẹ́búsáìtì, ẹ kọ ọ́! Ẹ mú ímeèlì tí wọ́n ń kọ síra wọn jáde, ẹ mú owó oṣù wọn jáde. Èyí dùn mọ́ mi nínú gan-an torí bí ọ̀pọ̀ bráǹṣì àwọn èèyàn wa ṣe rí nìyẹn, orí wà níbí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà nílé.

Òfin 1990 yẹn kan náà sọ pé tí wọ́n bá máa fi iye òṣìṣẹ́ dá ẹjọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ohun tí irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀ nílò àti ibi tó bá ìdàgbàsókè ẹ̀ dé. Ìgbà mìíràn wà tí ìpinnu wọn kàn ka orí, wọ́n ka èèyàn mẹ́ta, wọ́n ní mẹ́ta kéré, wọ́n lọ. Kò sọ ìdí tí mẹ́ta fi kéré fún kọ́ńpìnnì tó ń kó ẹ̀lùbọ́ wọlé tó sì ń san owó fún ilé ẹrù ẹlòmíràn láti bá a kó o pamọ́. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ nínú lẹ́tà tiyín, ẹ má jókòó. Ẹ̀yin lẹ jàre lórí ìyẹn, ẹ pe ẹjọ́.

Kí ni kẹ́ ẹ wá ṣe? Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè nìyí, lọ́yà yín ló máa sọ tiyín fún yín tààrà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rí wà nínú fáìlì, tí wọn ò kà á dáadáa tàbí tí wọ́n lo òfin gbòdì, ẹ lọ sí AAO. Inú USCIS náà ni AAO wà ṣùgbọ́n òun kọ́ ló sọ pé rárá fún yín, tó bá sì gba fáìlì, á wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ bíi pé ẹnikẹ́ni ò wò ó rí. Àwọn tó sọ pé rárá ló máa kọ́kọ́ tún un wò, òfin fún wọn ní ọjọ́ 45 láti yí ọkàn padà, tí wọn ò bá yí i, wọ́n á fi ránṣẹ́ sókè, AAO sì ní ohun tí òun ń lé ni pé kí òun parí ẹ̀ láàárín ọjọ́ 180. Bíi oṣù méje, mẹ́jọ nìyẹn tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rí tuntun lẹ ní, fọ́ọ̀mù kan náà ni, owó kan náà, iye ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ máa sọ pé kí àwọn tó kọ̀ ọ́ tún fáìlì ṣí. Tẹ́ ẹ bá ní òfin ni wọ́n ṣì lò, ẹ tún lè ní kí àwọn gan-an tún un rò. Gbogbo ẹ̀rí gbọ́dọ̀ bá irú ìwé méjì yìí wọlé lẹ́ẹ̀kan náà o, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ sí AAO, ẹ lè tọrọ ọjọ́ 30 sí i láti fi àlàyé lọ́yà yín ránṣẹ́.

Ẹ̀rí tí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ ńkọ́, tẹ́ ò mú wá? Ibi tí mo ti ń bá ọ̀pọ̀ yín bínú nìyẹn. Wọ́n ti kọ RFE, lẹ́tà tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀rí sí i, sí yín, wọ́n lè fún yín ní ọjọ́ tó tó 84, wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹ fi lẹ́tà ìyìn mìíràn ránṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ̀ ọ́ tán lẹ wá rí share certificate nínú dúrọ́ọ̀. AAO lè ní àwọn ò ní wo nǹkan tí ẹ ti láǹfààní láti mú wá tẹ́ ò mú wá. Ẹ ò sì lè wá sọ lórí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ kọ́ lẹ ní lọ́kàn, pé ó ti di General Manager báyìí, pé ẹ ti gba èèyàn mẹ́rin sí i. Wọ́n á ní iṣẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ìwé sílẹ̀ ni àwọn ń wò. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ yín rí, ẹ tún I-129 tuntun ṣe, kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é, ẹ tiẹ̀ lè san owó ìṣekíá kí wọ́n fún yín lésì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15. Fọ́ọ̀mù tuntun máa béèrè bóyá wọ́n ti kọ̀ ọ́ rí, ẹ sọ òótọ́.

Lọ́yà yín náà, ẹ má rò pé ẹnu ẹ̀ tó. Ìdájọ́ kan wà láti 1988 tí wọ́n máa ń tọ́ka sí nínú àwọn ìpinnu wọ̀nyí, Matter of Obaigbena, ẹ gbọ́ orúkọ yẹn bí orúkọ ará ilé. Ohun tó sọ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́yà kì í ṣe ẹ̀rí. Kí lọ́yà kọ ojú ìwé 30 tó dùn bí oyin, tí kò bá sí páálí lẹ́yìn ẹ̀, òfo ni. Ohun tó ń tù mí nínú ni pé ẹ̀rí yẹn ò ní láti pé pérépéré, Matter of Chawathe ti 2010 sọ ọ́ pé kó ṣáà jọ òótọ́ ju kó má jọ ọ́ lọ. Ẹni tó ní páálí ò nílò iṣẹ́ ìyanu.

Mo fẹ́ ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ torí ẹ ń dà á pọ̀. Gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, ìwé tí USCIS kọ̀ ni o. Tó bá jẹ́ pé USCIS ti gbà á, tó wá jẹ́ pé ẹ́ḿbásì ni wọn ò ti fún mánẹ́jà yín ní físà, AAO ò lè bá yín dá sí i, kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbẹ̀, kóòtù náà kì í sábà fẹ́ fọwọ́ kàn án. Á tún físà béèrè ni, tàbí kẹ́ ẹ dáhùn ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé tí wọ́n fún un. Wọn ò sì ní láti bi ẹni tó ń bá L-1 bọ̀ pé kó fi ilẹ̀ àti ilé hàn wọ́n láti fi mọ̀ pé á padà sílé, òfin ti yọ L kúrò nínú ìyẹn. Iṣẹ́ kọ́ńpìnnì ni wọ́n máa bi í. Ibi tọ́rọ̀ ti ń bàjẹ́ rèé, ẹ máa ń fi fáìlì pamọ́ fún un! Ẹ ní owó kọ́ńpìnnì wà nínú ẹ̀, ẹ ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ iye tó wà ní báńkì. Ó dé fèrèsé, wọ́n ní èèyàn mélòó ló máa wà lábẹ́ ẹ, ó ní mẹ́fà, ẹ̀yin kọ mẹ́jọ. Ẹ fún un ní kópì, ẹ jẹ́ kó kà á tán kó tó lọ síbẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbé odidi bráǹṣì lé lọ́wọ́ ni, ẹ gbà á gbọ́ dé ìyẹn.

Èyí tó wá ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ti àwọn tó ti wà níbí. Ọdún àkọ́kọ́ bráǹṣì ti pé, ẹ tọrọ àfikún, wọ́n kọ̀. Ọkùnrin náà ti mú ìyàwó àtọmọ dé, ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́ lórí L-2, ìwé tí wọ́n ń fún ìyàwó àti ọmọ ẹni tó ní L-1, ọmọ ti wọ skúùlù. Ẹ pè é láti Èkó, ẹ ní "Dúró síbẹ̀, a ti pe ẹjọ́." Ẹ gbọ́ o, ẹjọ́ tẹ́ ẹ pè ò fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́, kò sì fún un ní ọjọ́ kankan sí i láti dúró. Tí I-94 ẹ̀, ìwé tó ń sọ ọjọ́ tó lè dúró dà, bá ti tán, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ̀ ọ́ ni ọjọ́ tí ò bófin mu ti ń kà lé e lórí, tó bá sì kọjá ọjọ́ 180 kó tó kúrò, ó lè má lè padà wọlé fún ọdún mẹ́ta. Ẹ ń pe ẹjọ́ lọ́wọ́, oṣù méje ń lọ, òun ń ṣe ọ̀gá lọ ní ọ́fíìsì. Tẹ́ ẹ bá jàre ní ìparí, báwo lẹ ṣe fẹ́ lo ẹni tẹ́ ẹ ti jẹ́ kó bàjẹ́? Ẹ jẹ́ kó bá lọ́yà tiẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì nìkan, kẹ́ ẹ sì san owó ẹ̀. Tó bá ní láti padà sílé dúró, ẹ jẹ́ kó bá àga ẹ̀ níbi tó fi í sí. Mo mọ àwọn tó padà dé tí wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì wọn.

Mo sì mọ̀ pé nígbà mìíràn ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ pe ẹjọ́ mọ́ torí nǹkan ti yí padà nílé. Ìwé ètò iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ kí náírà tó já lọ́dún 2023, owó tó wà nínú ẹ̀ ò lè ra ìdajì dọ́là tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyẹn yé mi. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un lójúkojú pé a ò lè ṣe é mọ́, kó lọ palẹ̀ ayé ẹ̀ mọ́. Kọ́ńpìnnì tó wà nílé náà kò gbọ́dọ̀ kú o, torí tí ilé Èkó bá ti padé, L-1 ti Houston ò ní ìdí mọ́. Ohun tí mi ò lè gbà ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọjọ́ 33 kọjá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ wá máa sọ fún ìdílé ẹ̀ pé "àwọn òyìnbó ò fẹ́ ẹ."

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá AAO máa ń gbọ́ tẹni, ìpinnu wọn wà lórí wẹ́búsáìtì USCIS lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ti yọ orúkọ kúrò. Ẹ ní kí ọmọ yín kan bá yín wá èyí tó jẹ́ L-1A. Ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n dá dà nù, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ máa rí díẹ̀ tí wọ́n gbà, ẹ máa rí àwọn kan tí wọ́n dá padà sísàlẹ̀ pé ẹ lọ tún un wò. Ẹ ka àwọn tí wọ́n gbà. Kò sí ìyìn nínú ẹ̀. Ẹni báyìí ló wà lábẹ́ ẹ̀, iṣẹ́ báyìí nìyẹn ń ṣe, ìwé ẹ̀ rèé.

Tí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ bá wà lórí tébù yín lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ wo déètì tó wà lórí ẹ̀. Ẹ pe lọ́yà yín lónìí, kẹ́ ẹ bi í pé AAO ni tàbí kí wọ́n tún fáìlì ṣí tàbí ìwé tuntun, kó sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Tó bá jẹ́ I-290B ni, ẹ sáìnì ẹ̀ fúnra yín, ẹ san $800 yẹn láti àpò kọ́ńpìnnì, ẹ má yọ ọ́ lára owó oṣù ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá pe mánẹ́jà yín wọlé, kẹ́ ẹ fi kópì ẹ̀ hàn án.

Èmi ni,
ẹni tó ń to fáìlì yín ní Houston